Ohùn Ọmọbìnrin Lẹ́yìn Àwòrán

Ọmọdé tó bá ń wo eré àwòrán Japan ní Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba Benin ń kọ ní Ifangni, lè dàgbà láìmọ̀ pé obìnrin ló ni ohùn ọmọkùnrin akíkanjú tí ojú rẹ̀ ń wò. Nozawa Masako, tí wọ́n bí ní ọdún 1936, ló ń fọhùn fún Son Goku nínú Dragon Ball láti ọdún 1986. Tanaka Mayumi ló ń fọhùn fún Luffy nínú One Piece láti ọdún 1999. Ilẹ̀ Faransé ni irú eré bẹ́ẹ̀ máa ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Benin, nígbà tí Goku sì dé Faransé, obìnrin ni wọ́n tún gbé ohùn rẹ̀ lé lọ́wọ́: Brigitte Lecordier ló sọ̀rọ̀ fún un nígbà tó ṣì kéré. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ ní Japan, pàápàá fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń wọ inú rẹ̀, kí n sì fi ìdí ọ̀rọ̀ kan múlẹ̀. Ohun méjì ló gbé iṣẹ́ náà ró láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún: ẹ̀kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àgbà, àti owó tí ẹgbẹ́ òṣèré bá agbanisíṣẹ́ fẹnu kò lé lórí. Òkìkí tí àwọn ènìyàn ń rí kò sí nínú méjèèjì. Bí àwa tí à ń sọ Yorùbá lẹ́bàá ibodè bá fẹ́ kí àwòrán máa bá àwọn ọmọ wa sọ èdè ìyá wọn, ohun méjì yìí ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọbìnrin olóhùn dídùn.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1963 ni Tetsuwan Atom bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Fuji, eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nípa ọmọkùnrin kan tí wọ́n fi irin ṣe. Shimizu Mari ló fọhùn fún Atom, ọ̀dọ́bìnrin ni nígbà náà. Ìdí tí wọ́n fi ń yan obìnrin fún ohùn ọmọkùnrin kò ṣòro láti rí. Ohùn ọmọkùnrin máa ń yí padà tó bá bàlágà, eré tó máa gba ọdún púpọ̀ kò sì lè dúró de ọ̀fun ọmọ tó ń dàgbà. Òfin kò gbà kí ọmọdé máa ṣiṣẹ́ di òru. Obìnrin tó ti gbọ́n lè ka ìwé eré, ó lè gba àtúnṣe lẹ́ẹ̀kan, ohùn tó sì lò lónìí ni yóò tún lò lọ́dún mẹ́wàá sí i. Katō Midori bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún Sazae nínú Sazae-san ní oṣù Kẹwàá ọdún 1969. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí tó ti ń sọ ọ́ bọ̀, àwọn tó gbọ́ ọ ní ọmọdé sì ti ní ọmọ-ọmọ tó ń gbọ́ ọ.

Yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ ní Tokyo kì í tóbi púpọ̀. Gíláàsì ojú tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri iwájú, máíkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin dúró níwájú rẹ̀, àga sì tò sí ẹ̀yìn. Òṣèré máa ń pọ̀ ju máíkì lọ dáadáa. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn yóò dìde, yóò rìn lọ síbi máíkì tó ṣófo láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dún, yóò sọ tirẹ̀, yóò sì yẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìwé eré wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ṣí ojú ewé láìjẹ́ kí ó ró. Aṣọ tó ń dún ṣakaṣaka kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí yẹtí tó ń lu ara wọn. Àwọn tó ti mọ iṣẹ́ máa ń fi oúnjẹ díẹ̀ sínú kí wọ́n tó dé, nítorí pé máíkì ń gbọ́ kíkùn inú ẹni tí ebi ń pa. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán náà gan-an kò tíì parí; ìlà pẹ́ńsùlù lásán ni wọ́n ń wò, pẹ̀lú àmì tó ń yọ láti fi hàn ìgbà tí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ìgbà tó dákẹ́. Ọmọbìnrin tó ń fọhùn kò rí omijé lójú ẹni tó ń sunkún fún. Òun ló máa fi ohùn ṣẹ̀dá ẹkún náà, ayàwòrán yóò sì wá parí ojú rẹ̀ nígbà tó yá. Èémí ẹni tó ń sáré, ìkérora ẹni tí wọ́n lù, itọ́ tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà gbé mì, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀fun ń ṣe. Ariwo ọjà àti ẹ̀rín ọmọ iléèwé tó ń lọ lábẹ́lẹ̀, iṣẹ́ àwọn ọmọ tuntun ni, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà òṣèré mí sí máíkì kan náà. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó òṣèré wọlé ní méjì-mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ké gbàjarè pé àwọn ọ̀dọ́ kò rí ẹni wò kọ́ṣẹ́ mọ́, pé ìjókòó lẹ́yìn yàrá yẹn ni iléèwé wọn gan-an.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ sísọ kì í ṣe iṣẹ́, pé ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní ohùn ló fún. Yorùbá ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni nínú wa tó gbà pé ẹni tó ń sun ìjálá kàn la ẹnu ni? Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin tó fẹ́ re ilé ọkọ máa ń kọ́ ẹkún ìyàwó lẹ́nu àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kó tó lè dúró níwájú ará ilé. Ní ilẹ̀ Kétu, ní Ọ̀họ̀rí, ní Ìfọ̀nyìn, òru Ẹ̀fẹ̀, òru orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò sí lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ orin. Ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ ń fọhùn fún ère tó gbé lórí, gbogbo ìlú sì ń gbọ́ ère náà bí ẹni pé òun ló ń sọ̀rọ̀. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tó jẹ́ ti gbogbo ayé, Benin, Nàìjíríà àti Tógò ló sì jọ ni ín. Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin ló ń gbé àwòrán obìnrin wọ̀ láti fi yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Ní Japan, obìnrin ló ń gbé ohùn fún àwòrán ọmọkùnrin. Iṣẹ́ kan náà ni, àwọn baba wa sì ti mọ̀ tipẹ́ pé àgbà ló ń kọ́ni, pé ẹni tó ṣe é dáadáa yẹ lẹ́ni tí à ń sanwó fún.

Ọ̀rọ̀ owó ni Japan ti lè kọ́ wa ní ohun tó pọ̀ jù lọ. Ẹgbẹ́ òṣèré wọn, Nihon Haiyū Rengō, bá àwọn tó ń ṣe eré ṣe àdéhùn iye tí òṣèré ipò kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń gba 15,000 yen fún eré ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan, ìbáà jẹ́ gbólóhùn kan ló sọ, ìbáà jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Bí ipò ṣe ń ga ni owó ń ga, títí dé 45,000 yen. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ ló ń dá iye tirẹ̀ bá wọn ṣe. Ilé iṣẹ́ tó ń bá a wá iṣẹ́ yóò yọ ìdá tirẹ̀ níbẹ̀ kí owó tó kàn án lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó fi inú rere fún wọn ní àdéhùn yìí. Ní ọdún 1973, àwọn òṣèré olóhùn daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì tú síta nílùú Tokyo nítorí owó kékeré tí wọ́n ń gbà. Nínú ìjà ọdún náà àti èyí tó tẹ̀ lé e ni owó àtúnfihàn ti wá, pé bí wọ́n bá tún gbé eré kan jáde, ẹni tó fọhùn níbẹ̀ yóò tún rí nǹkan gbà.

Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ pé àdéhùn náà kò mú wọn lówó kò purọ́. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré olóhùn kan tó ń jẹ́ VOICTION, tó dìde tako ètò owó orí tuntun, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lẹ́nu wò, ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dáhùn ni kò rí ju mílíọ̀nù mẹ́ta yen lọ lọ́dún kan. Ọ̀pọ̀ wọn ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà kí wọ́n lè san owó ilé. Ìdí méjì ni mo rí. Èkíní ni pé iléèwé tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó pọ̀ ju iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ. Èkejì ló dùn mí jù, nítorí pé inú àdéhùn náà gan-an ló ti jáde. Bí owó bá ń ga pẹ̀lú ipò, ọmọ tuntun ni owó rẹ̀ máa kéré jù. Ẹni tó ń ṣe eré tí owó rẹ̀ kò tó yóò mú ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlélógún ní 15,000 yen dípò ìyá tó ti gòkè. Bí ọmọ náà bá wá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, òun náà ti di ẹni ọ̀wọ́n, ọmọ tuntun mìíràn sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ètò tí wọ́n ṣe láti bọ̀wọ̀ fún àgbà wá di èyí tó ń ti àgbà síta.

Níbi tí ọ̀dọ́ bá ti jẹ́ ọjà, kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ojú pẹ̀lú ohùn. Àwọn òṣèré olóhùn ti ń kọrin tipẹ́, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni òwò náà ti gbilẹ̀. Mizuki Nana, ọ̀kan nínú wọn, kọrin lórí ètò Kōhaku, orin alẹ́ ìparí ọdún tí gbogbo Japan máa ń wò, ní ọdún 2009; ní ọdún 2011 èrò tó wá wò ó kún gbọ̀ngàn ńlá Tokyo Dome. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́sàn-án tó fọhùn nínú eré Love Live! dúró sórí pèpéle kan náà ní ọdún 2016, wọ́n ń jó ijó tí àwòrán wọn jó. Orin wọn dára, iṣẹ́ ńlá sì ni. Àwọn tó ń gbèjà ọ̀nà yìí sọ pé owó orin àti owó ìwọlé ló ń bọ́ eré àwòrán, pé láìsí i, eré púpọ̀ kò ní jáde. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe sí ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ náà: ọmọbìnrin tó fẹ́ wọlé lónìí ní láti mọ ijó, kí ó mọ orin, kí ojú rẹ̀ dùn-ún wò nínú fọ́tò, kí ó sì tún ṣọ́ bí yóò ṣe máa gbé ayé tirẹ̀ lójú àwọn olólùfẹ́ tó rò pé àwọn ló ni ín. Ojú máa ń darúgbó kí ohùn tó darúgbó. Tanezaki Atsumi ti kúrò lọ́mọdé tipẹ́ nígbà tó fọhùn fún Anya, ọmọdébìnrin inú Spy x Family, ní ọdún 2022, ọmọdé káàkiri ayé sì fẹ́ràn rẹ̀. Nozawa ti sún mọ́ àádọ́ta ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Goku. Iṣẹ́ tó bá ń fi ojú yan ènìyàn yóò ti lé irú àwọn wọ̀nyí lọ kó tó mọ ohun tí wọ́n lè ṣe.

Ìfọ̀nyìn wà ní ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọjà Igolo ló wà ní ẹnu ibodè, Ìdí-Ìrókò sì wà lódì kejì ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọmọ ibẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá nílé, ó ń gbọ́ Gùn lọ́jà, ó ń ka Faransé níléèwé, ó sì ń wo eré tó bá wọlé láti ìhà méjèèjì. Àwòrán tó ní àwọ̀ tirẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Adamu Waziri àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Àbújá ṣe Bino and Fino, èyí tó ní ẹ̀dà Yorùbá. Iwájú jáde lórí Disney+ ní oṣù Kejì ọdún 2024, Simisola Gbadamosi, ọ̀dọ́bìnrin kan, sì fọhùn fún Tola nínú rẹ̀. Iyanu, tí Roye Okupe dá sílẹ̀, jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìlú inú ìtàn rẹ̀ sì jọ ti àwọn baba ńlá wa. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni Tola àti Iyanu ń sọ jù lọ. Ọmọ Ìfọ̀nyìn yóò rí gèlè ìyá rẹ̀ nínú àwòrán náà, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí ká mi lára gidigidi.

Wọ́n lè sọ pé Faransé ni ìdánwò Benin, Gẹ̀ẹ́sì ni ti Nàìjíríà, kí ni ọmọdé fẹ́ fi kàtúùnù Yorùbá ṣe? Ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn yéké ní èdè kan ló máa mọ bí ìtàn ṣe ń rìn ní èdè kejì. Wọ́n tún lè sọ pé ọjà rẹ̀ kéré. Ẹ wo àwọn Hausa. Ní Kano, ilé iṣẹ́ Algaita gbé ohùn Hausa sínú fíìmù India, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì rà á, wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò. Kò sí ẹni tó ṣírò fún wọn ṣáájú pé ọjà wà. Yorùbá náà kò ṣaláìní olùwò: láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, láti Ìpókíá dé Èkó, ibodè kò pín etí.

Iṣẹ́ náà yóò tilẹ̀ le fún ọmọbìnrin tiwa ju ti Japan lọ ní ibì kan. Yorùbá ní òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ nínú ohùn, bí a bá sì ba mẹ́ta yìí jẹ́, ọ̀rọ̀ ti dí. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́fà yóò gbé ohùn sókè. Ó gbọ́dọ̀ gbé òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ lọ pọ̀, kí àlàfo tó wà láàárín wọn má ṣe sọnù. Ẹni tó ń kígbe nítorí ẹ̀rù máa ń fẹ́ sọ gbogbo nǹkan di òkè. Ẹni tó ń sunkún máa ń fà á sísàlẹ̀. Ẹnu àwòrán sì ti ṣí, ó ti pa dé, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ìtumọ̀ Yorùbá bá gùn ju ẹnu náà lọ, olóhùn ní láti sáré, síbẹ̀ kí àmì ohùn má fò. Kò sí ẹni tó máa mọ èyí lọ́jọ́ kan. Ẹ̀kọ́ oṣù púpọ̀ ni, lábẹ́ ẹni tó mọ ewì tàbí ẹni tó ti ka ìròyìn Yorùbá lórí rédíò fún ọdún gbọọrọ, irú èyí tí rédíò ìjọba Benin ní. Ní ti ẹ̀ka èdè, èmi fara mọ́ ọn pé kí ìyá àgbà inú eré máa sọ Ìfọ̀nyìn, kí ọmọ rẹ̀ tó ti re Èkó máa sọ Yorùbá tí gbogbo wa ń kọ. Bí ilé wa ṣe rí nìyẹn, àwòrán kò sì gbọ́dọ̀ purọ́ fún wa.

Ó ku ẹ̀rọ. Àwọn kan ti ń sọ pé kọ̀ǹpútà lè fọhùn báyìí, kí wá ni à ń dá ara wa láàmú sí? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, òṣèré olóhùn 26 ní Japan, tí Nakao Ryūsei, Yamadera Kōichi àti Kaji Yūki wà nínú wọn, jáde láti kìlọ̀ pé wọ́n ń rí ohùn ara wọn níbi tí wọn kò ti sọ̀rọ̀, láìsí àyè láti ọ̀dọ̀ wọn. Wọn kò sọ pé kí ayé má lo ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ lo ohùn ẹlòmíràn kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ̀rọ kò ní ohùn kankan tí kò gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tó bá fi í ṣe Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí ti jẹ owó ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀, àmì ohùn tó bá sì ṣì yóò di ohun tí ọmọ wa ń kọ́ mọ́ ẹnu.

Nítorí náà, bí olùṣe eré kan láti Èkó, Àjàṣẹ́ tàbí Kùtọnù bá wá gba ohùn sílẹ̀ ní Ìfọ̀nyìn, kí ìwé àdéhùn ṣáájú máíkì. Kí iye kan wà fún eré kọ̀ọ̀kan tí kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀, ọ̀kan náà fún ọmọ ogún ọdún àti ìyá ọgọ́ta ọdún, kí ẹnikẹ́ni má lè fi ọ̀dọ́ ra ohùn ní ẹ̀dínwó. Àgbà yóò rí èrè ọdún rẹ̀ nínú owó àtúnfihàn, nítorí pé eré tó ti ṣe ló pọ̀ ju ti ọmọ tuntun lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò ní fi ohùn náà kọ́ ẹ̀rọ láìsí àyè àti owó. Kí ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ jókòó lẹ́yìn yàrá fún odindi eré kan kó tó dé ibi máíkì, kí wọ́n sì san owó ìjókòó yẹn fún un. Àwọn ọmọbìnrin Igolo mọ ìdúnàá-dúrà láti kékeré, ní owó náírà àti ní owó sẹ́fà. Bí àwọn ìyá wọn bá bá wọn ka ìwé náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni yóò rí wọn rẹ́ jẹ.